Wọ́n ń yọ 17,000 náírà lóṣù fún PAYE: ṣé mo lè ní kí wọ́n dín in kù?

Ọmọ Ìsíù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ owó orí ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ilé iṣẹ́ kan ní Odógunyàn ni mo wà. 180,000 náírà ni owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Títí di oṣù Kejìlá tó kọjá, 15,338 náírà ni wọ́n ń yọ fún PAYE, ìyẹn owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ lára owó oṣù kó tó san án. Gbogbo ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò ni pé òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 máa mú kí ara tu àwa tí owó oṣù wa ò tó nǹkan. Owó oṣù Kìíní dé, wọ́n yọ 17,000. Ti oṣù Kejì náà dé, 17,000. Dípò kó dín, ṣe ló lé. Wọ́n tún ń yọ 14,400 fún pẹ́ńṣàn àti 10,000 fún alájẹṣẹ́kù, ìyẹn ò yí padà.

Mo bi ọ̀gá tó ń ṣètò owó oṣù, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Amẹ́ríkà sọ pé lọ́dọ̀ tiwọn, òṣìṣẹ́ lè kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń yọ kù. Ṣé irú ẹ̀ wà ní Èkó níbí? 400,000 náírà ni mò ń san fún owó ilé lọ́dún, ọmọ méjì sì wà nílé ìwé. Gbogbo kọ́bọ̀ ló níye lójú mi báyìí.

Ìyá Ìbejì Agric

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan níbí o. Ohun tí ìjọba bá ní kí wọ́n yọ ni wọ́n ń yọ. Ti èmi náà lé sí i ní ilé ìwòsàn aládàáni tí mo wà, mo kàn gba kámú ni. Má lọ bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ò pọ̀ níta.

Ohun tí o lè ṣe ni kí o fi kún alájẹṣẹ́kù rẹ. Bí èyí tí wọ́n ń yọ síbẹ̀ bá pọ̀, owó tó kù tí wọ́n máa bu owó orí lé á kéré.

Bọ̀dá Houston

Ọmọ Ìpakodò ni mí, Houston ni mo ń gbé. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ. W-4 ni orúkọ fọ́ọ̀mù náà. Ọjọ́ tí o bá gba iṣẹ́ lo máa kọ ọ́ fún agbanisíṣẹ́, o sì lè kọ òmíràn nígbàkigbà tí nǹkan bá yí padà: o gbéyàwó, o bímọ, o gba iṣẹ́ kejì. Láti ọdún 2020 ni IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, ti yí i padà sí bó ṣe wà yìí. Apá kan wà tí o ti máa kọ ti àwọn ọmọ, apá kan wà fún owó mìíràn tó ń wọlé, o sì lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ iye báyìí kún un.

Àmọ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe owó orí gan-an ni fọ́ọ̀mù yẹn ń dín kù. Iye tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ ṣáájú ló ń yí padà. Tó bá di oṣù Kẹrin ọdún kejì, ìwọ àti IRS á ṣírò. Bí wọ́n bá ti yọ jù, wọ́n á dá ìyókù padà fún ọ. Bí wọ́n bá ti yọ kéré jù, ìwọ lo máa san èyí tó kù, nígbà mìíràn pẹ̀lú owó ìtanràn. Àwọn ará ibí kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ jù kí wọ́n lè rí owó gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Owó rẹ á wà lọ́wọ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí èlé.

Akọ̀wé Owó

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an nìyí. Èmi ni mò ń ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, Ìkòròdú ni mò ń sùn.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, mà, alájẹṣẹ́kù kì í dín owó orí kù. Owó yín ni, ẹ kàn fi í pamọ́ ni. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun tó wọlé fún yín. Bákan náà ni owó ẹ̀yáwó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù. Ohun tí òfin gbà kí wọ́n yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí ni pẹ́ńṣàn, NHF (owó àjọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀), NHIS (owó adójútòfò ìlera), owó adójútòfò ẹ̀mí tí ẹ ń san fún ara yín tàbí fún ọkọ tàbí aya yín, èlé orí owó tí ẹ yá láti fi kọ́ ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé, àti ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ẹ ń san.

Ọmọ Ìsíù, mo fi bírò ṣírò tìrẹ. 180,000 lọ́nà 12 jẹ́ 2,160,000. Nínú òfin tuntun, 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ò ní owó orí rárá. 2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú 100 ni. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ bọ́ sí ìdá 18, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè títí dé ìdá 25, ìyẹn ò kàn ọ́. Tí mo bá yọ 800,000 kúrò nínú 2,160,000, ó ku 1,360,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ 204,000. Pín in sí oṣù 12, ó di 17,000 géérégé.

Ibẹ̀ ni àṣírí wà. 17,000 tí wọ́n ń yọ yẹn fi hàn pé wọn ò kọ́kọ́ yọ pẹ́ńṣàn rẹ kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Wọ́n ń gba pẹ́ńṣàn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì tún ń gba owó orí lórí pẹ́ńṣàn náà. Kò bófin mu.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Pẹ́ńṣàn rẹ, 14,400 lọ́nà 12, jẹ́ 172,800. Yọ ọ́ kúrò, ó ku 1,987,200. Yọ 800,000, ó ku 1,187,200. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ 178,080 lọ́dún, ìyẹn 14,840 lóṣù. Ìyẹn nìkan ti kéré sí 15,338 tí o ń san lésìí. Wàyí o, owó ilé: ìdá 20 nínú 400,000 jẹ́ 80,000. Yọ ìyẹn náà, ó ku 1,107,200, owó orí rẹ á di 166,080 lọ́dún, 13,840 lóṣù. Ní àpapọ̀, 3,160 náírà ni wọ́n ń yọ lé lóṣooṣù.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ lọ́dún yìí: lábẹ́ òfin àtijọ́, ẹ̀dínwó kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń rí gbà láìbéèrè, 200,000 náírà pẹ̀lú ìdá 20 nínú 100 owó tó wọlé. Kọ̀ǹpútà ló ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Òfin tuntun ti pa ìyẹn rẹ́, ó sì fi ti owó ilé rọ́pò rẹ̀. Ti owó ilé ò lè ti inú kọ̀ǹpútà wá, torí kọ̀ǹpútà ò mọ iye tí o ń san fún lánlọ́ọ̀dù rẹ. Bí o ò bá mú ẹ̀rí wá, kò sẹ́ni tó máa fún ọ.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ: níbí, o ò lè yan iye tí wọ́n máa yọ. Ṣùgbọ́n o lè mú ìwé wá, kí iye náà yí padà. Kọ lẹ́tà kékeré sí wọn, lẹ ẹ̀dà risíìtì owó ilé àti ìwé àdéhùn ilé mọ́ ọn, ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ṣírò PAYE rẹ hàn ọ́. Kọ ìṣírò tí mo ṣe yìí sílẹ̀ kí o mú un dání. Fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lè máa bójú tó igba èèyàn, kó má sì tíì ka òfin náà tán.

Ẹ̀gbọ́n Ọwọ́de

Ta ni lánlọ́ọ̀dù ń fún ní risíìtì ní Ìkòròdú? Ti tèmi, ó ní ọwọ́ òun ò ní kọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti ní ìdá 20, kọ 1,000,000 síbẹ̀, àbúrò, ta ló máa wá wò ó?

Sisí Sábó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú ìmọ̀ràn yẹn lé ọmọ ẹni lọ́wọ́. Òfin sọ pé iye owó ilé tí èèyàn ń san gan-an ni kó kọ. Irọ́ lórí ìwé owó orí, ẹni tó fọwọ́ sí i ló máa jìyà rẹ̀, kì í ṣe HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Àǹfààní tó sì wà nínú irọ́ yẹn ò tó nǹkan. Láti 400,000 sí 1,000,000, 1,500 náírà ló máa fi dín lóṣù. Ṣé torí ìyẹn ni èèyàn á ṣe fi orúkọ ara rẹ̀ wéwu?

Ohun tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ń sá fún ni pé owó ilé tí wọ́n ń gbà náà jẹ́ owó tó ń wọlé, ó yẹ kí wọ́n san owó orí lórí rẹ̀. Bí ti yín ò bá fẹ́ kọ risíìtì, ẹ má san án lówó ọwọ́ mọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ láti báǹkì, kí ẹ kọ "owó ilé ọdún 2026" síbẹ̀. Ẹ tọ́jú ìyẹn pọ̀ mọ́ ìwé àdéhùn. Ọ̀dọ̀ àwa gbà á.

Ẹ tún mọ̀ pé ẹ̀dínwó náà ò lè kọjá 500,000 lọ́dún. Ẹni tó bá ń san ju 2,500,000 lọ, ibẹ̀ náà ló máa dúró.

Akọ̀wé Owó, mo ní ìbéèrè tèmi. Ilé ìwé kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, 95,000 ni. Mo tún ń ṣe akọ̀wé ní ibòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé, 80,000. Àwọn méjèèjì ń yọ PAYE. Inú mi dùn pé kékeré ni méjèèjì ń yọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìṣírò yín, àyà mi já.

Akọ̀wé Owó

Ó dáa tí àyà rẹ já nísinsìnyí, kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fún ọ ní 800,000 tí kò lówó orí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin fún ọ lọ́dún. Ká fi pẹ́ńṣàn sílẹ̀ ná. Ilé ìwé yọ 4,250 lóṣù, ibi kejì yọ 2,000. Ó jẹ́ 75,000 lọ́dún. Àmọ́ owó rẹ méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 2,100,000, owó orí tó yẹ lórí rẹ̀ sì jẹ́ 195,000. Gbèsè 120,000 náírà ló ń ṣù jọ sí ọ lọ́rùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ.

Ìwọ lo yẹ kí o ní kí wọ́n máa yọ sí i. Sọ fún akáǹtáǹtì ibi iṣẹ́ kejì pé o ti ń gba 800,000 náà níbòmíràn, kó má ka ti òun mọ́ ọn. Bí wọn ò bá gbà, máa ya 10,000 sọ́tọ̀ lóṣooṣù. Tó bá di ìgbà tí o máa fi ìṣírò ọdún 2026 ránṣẹ́ sí LIRS (àjọ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Èkó), ó gbọ́dọ̀ dé kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2027 tó kọjá, wàá san án. Mú risíìtì owó ilé rẹ lọ sí ọ̀kan péré nínú wọn, kì í ṣe méjèèjì.

Tísà Àgbà Ìgbógbó

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ wa sínú fọ́ọ̀mù owó orí, 2,500 náírà lórí ọmọ kan, títí dé ọmọ mẹ́rin. Wọ́n tún ń ka òbí tí èèyàn ń bọ́ mọ́ ọn. Kí Ọmọ Ìsíù mú ìwé ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ.

Akọ̀wé Owó

Ẹ ṣé, bàbá. Bó ṣe rí nígbà náà nìyẹn lóòótọ́. Nínú òfin tuntun, kò sí ti ọmọ, kò sí ti òbí. Ó dùn mí, torí ẹni tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin àti àpọ́n tó ń dá gbé, owó orí kan náà ni wọ́n máa san bí owó oṣù wọn bá dọ́gba. Ṣùgbọ́n kó má fi ìwé ìbí dá ara rẹ̀ lágara.

Gádì Báyékù

Ẹ jọ̀ọ́, 70,000 náírà ni owó oṣù tèmi. Wọ́n ń yọ 500 náírà fún PAYE. Ṣé ó tọ́?

Akọ̀wé Owó

Kò tọ́ rárá. Mo mọ bí wọ́n ṣe rí i: 70,000 lọ́nà 12 jẹ́ 840,000, wọ́n yọ 800,000, wọ́n wá gba ìdá 15 lórí 40,000 tó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀, 70,000 náírà láti ọdún 2024, òfin ti yọ ọ́ kúrò nínú owó orí pátápátá. Bíńtín ò gbọdọ̀ kúrò nínú owó oṣù rẹ fún PAYE. Sọ fún wọn. Bí o bá ń bẹ̀rù láti sọ ọ́, ẹ̀yin gádì tó wà níbẹ̀, ẹ jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Lánlọ́ọ̀dù Ìjẹ̀dé

Èmi ò san owó ilé, ilé tí mo kọ́ ni mò ń gbé. Owó alájẹṣẹ́kù ni mo yá tí mo fi ká òrùlé rẹ̀, mo ṣì ń san án. Ṣé gbogbo ohun tí mò ń san padà ni wọ́n máa yọ kúrò?

Akọ̀wé Owó

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Èlé orí rẹ̀ nìkan ni, ojú owó kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fún yín ní ìwé tó ya èlé sọ́tọ̀ kúrò lára ojú owó, tó sì sọ pé torí ilé ni ẹ ṣe yá a. Bí ìwé ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sí bí akáǹtáǹtì ṣe máa mọ èyí tó máa kà.

Ọmọ Ìsíù

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Mo kọ lẹ́tà náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè irú ẹ̀ rí. Mo tẹ́ ìṣírò Akọ̀wé Owó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ ìṣírò, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó wá rí i pé ibi tí pẹ́ńṣàn yẹ kó wà nínú ètò kọ̀ǹpútà náà ṣófo, fún gbogbo wa. Lánlọ́ọ̀dù mi fọwọ́ sí risíìtì nígbà tí mo ṣàlàyé fún un.

Owó oṣù Kẹta wọlé lánàá. 7,520 ni wọ́n yọ fún PAYE. Wọ́n ní láti oṣù Kẹrin ó máa jẹ́ 13,840.

Akọ̀wé Owó

Ó bára mu. 13,840 ti oṣù Kẹta, wọ́n yọ 6,320 tí wọ́n ti gbà jù ní oṣù méjì kúrò, ó ku 7,520. Wọ́n ṣe dáadáa. Àwọn kan á pín in ká oṣù tó kù, ìyẹn á jẹ́ 13,208 lóṣù títí di oṣù Kejìlá, iye kan náà ló máa já sí lọ́dún. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé wọ́n tún un ṣe nínú ọdún náà gan-an. Tó bá ti di ọdún kejì, ìwọ ló máa lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ LIRS, ọ̀nà yẹn sì gùn.

Ayọ̀ Ògijo

Odógunyàn ni èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Ògijo ni mò ń gbé, ìpínlẹ̀ Ògùn nìyẹn. LIRS ni wọ́n ń fi owó orí mi ránṣẹ́ sí. Ẹnìkan ní tí wọ́n bá ti gbé e lọ sí Ògùn, ó máa dín.

Sisí Sábó

Kò ní dín. Òfin kan náà ni wọ́n ń lò ní gbogbo ìpínlẹ̀.

Akọ̀wé Owó

Òótọ́ ni, iye ò ní yí padà. Ṣùgbọ́n má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni PAYE rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń sùn ní Ìmọ́tà tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, Èkó ló ni owó orí rẹ̀. Ìwọ tó ń sùn ní Ògijo, Ògùn ló ni tìrẹ. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí owó orí, tó ń ṣàfihàn ọdún mẹ́ta, Ògùn lo máa lọ bá, wọ́n á sì wò ó pé kò sí nǹkan kan lórúkọ rẹ. Fún HR ní àdírẹ́sì ilé rẹ ní kíkọ, kí wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ fún ọ ní Ògùn.

Ìyá Ìbejì Agric

Akọ̀wé Owó, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo lọ ṣírò tèmi, ibi kan náà ni wọ́n ti gbé e gbà: pẹ́ńṣàn. Mo ti kọ lẹ́tà tèmi. Ìbéèrè mi tó kù nìyí: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń san owó tí wọ́n ń yọ yẹn fún ìjọba lóòótọ́?

Akọ̀wé Owó

Àmín, mà. Kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e tó kọjá ni agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti san án fún LIRS. Ẹ bèèrè nọ́ńbà Payer ID yín lọ́wọ́ HR, gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san owó orí fún ní Èkó ló ní in. Bí wọ́n bá sọ pé kò sí, ẹ fura. Ẹ fi nọ́ńbà náà wọlé sí eTax, ìkànnì LIRS lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí ohun tí wọ́n ti san lórúkọ yín. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń dà yín láàmú, ẹ mú payslip oṣù mẹ́ta lọ sí ọ́fíìsì LIRS ní Ìkòròdú níbí, wọ́n á bá yín wò ó. Bí orúkọ yín bá wà ṣùgbọ́n tí oṣù kan ṣófo, ẹ kọ oṣù náà sílẹ̀ kí ẹ mú un padà wá bá HR kí ọdún tó parí.